Ohun Tí Pacôme Dè Mọ́ Ẹ́ńjìnnì Kupé

Nígbà tí Mathias bojú wẹ̀yìn láti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé wọ́n ti dé Pobẹ̀, Gracia ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú aṣọ ìgbéyàwó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ yí sókè. Ó pè é, kò dáhùn. Ó tẹ búréèkì, ó fà á jáde, ó gbé e lé èjìká, ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn, aṣọ funfun ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé e.

Gracia kò kú. Atẹ́gùn tí wọ́n fi sí i nímú ló dá a padà. Ṣùgbọ́n kó tó lajú tán, àwọn àna ti pé sí ẹnu ọ̀nà. Bonaventure, bàbá Valentin ọkọ ìyàwó, kò tiẹ̀ gbà láti jókòó.

"Wárápá ni," ó wí. "Ẹ mọ̀, ẹ fi pamọ́, ẹ fẹ́ gbé e ka ọmọ mi lórí."

"Dókítà ní èéfín ló fà símú," Mathias dáhùn. "Orí ń fọ́ èmi náà!"

"Dókítà ń tù yín nínú ni. Èéfín wo ló ń pa ènìyàn nínú mọ́tò tó ń sáré? Títí ẹ ó fi fi hàn mí pé irọ́ ni mo pa, kò sí ìgbéyàwó."

Valentin dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Kò wọlé wo Gracia. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Pobẹ̀ ti gbọ́, Sakẹ́tẹ́, ìlú Mathias, náà ti gbọ́. Bí irú orúkọ yẹn bá sì ti lẹ̀ mọ́ ọmọbìnrin, ta ni yóò tún wá fẹ́ ẹ?

Mọ́tò ọ̀hún, Pijó kupé àtijọ́ ni, ẹlẹ́nu ọ̀nà méjì, pupa, tí bàbá Mathias fi sílẹ̀ fún un. Nítorí ìgbéyàwó yìí gan-an ló ṣe gbé e lọ fún Pacôme, mẹkáníìkì tí wọ́n jọ ń lọ ìjọ aláṣọ funfun ní Sakẹ́tẹ́. Pacôme ṣí kapó, ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó mi orí.

"Fòfó, ẹ̀gbọ́n mi, kolẹkitọ̀ yín ti là."

Kolẹkitọ̀ ni irin tó ń gba èéfín gbígbóná lẹ́nu ẹ́ńjìnnì lọ sínú páìpù ẹ̀yìn. Ó ní òun yóò fi tuntun sí i, irú èyí tí àwọn eléré-ìje ń lò ní Faransé, ohùn mọ́tò yóò sì dùn ju ti àtijọ́ lọ. Ohùn náà dùn lóòótọ́. Mathias, àgbàlagbà ọkùnrin, ń tẹ̀ ẹ́ lójú títì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ní òwúrọ̀ ìgbéyàwó, ó ti gbogbo gíláàsì pa kí eruku má ba aṣọ ọmọ rẹ̀ jẹ́. Ti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ nìkan ló ṣí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó lè jẹun mọ́.

Pacôme ti fa mọ́tò náà lọ sí garáàjì rẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ó ní òun ń ṣàánú. Ẹ gbà mí, àánú! Mathias lọ bá a níbẹ̀.

"Ṣí kapó kí n rí i."

"Fòfó, ẹ lọ tọ́jú ọmọ yín."

"Irin bàbá mi tó o tú, ó dà?"

"Mo dà á nù." Pacôme sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí n bá àwọn àna yín sọ̀rọ̀ o. Mo lè ní mo ti rí Gracia tó ṣubú rí, nínú ìjọ. Ta ló máa pè mí lónírọ́?"

Mathias yà kúrò níbẹ̀, ó gba kọmísáríà lọ. Huguette, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá níbẹ̀, ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì.

"Kí lo fi sí mọ́tò náà?"

"Kolẹkitọ̀ tuntun, Madamu. Láti Faransé."

"Ta ló tà á fún ẹ?"

"Oníṣòwò kan tó ń kọjá lọ."

"Orúkọ rẹ̀?"

"Mo ti gbàgbé." Ó gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n mo lè wa mọ́tò náà lójú gbogbo ayé. Ọkàn mi balẹ̀."

"Ẹnu ẹ ló ti jáde," Huguette wí.

Ẹ má bi mí ibi tó ti rí irú àyà bẹ́ẹ̀. Ó ti fi símẹ́ńtì di gbogbo ibi tí èéfín ń gbà yọ, ó sì gbà pé yóò gbé òun dé Pobẹ̀.

Huguette kò dá ọjọ́ fún un. Lọ́jọ́ Àìkú, bí ìsìn ṣe parí, òun àti Bonaventure ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́tò pupa náà, tí àwọn ọlọ́pàá ti lọ gbà ní garáàjì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Pacôme jáde nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, bí gbogbo ìjọ. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà.

"Kọ́kọ́rọ́ rèé," Huguette wí.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bọ́ sùtánà ná, kí n wá bàtà wọ̀."

"Ojú gbogbo ayé lo ní. Ayé ló pé síbí yìí."

"Àbí iná wà nínú mọ́tò ni, tó o fi ń wá bàtà?" Màmá Suzanne, ìyá àgbà kan nínú ìjọ, fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Pacôme náà fi tipátipá rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Mathias jókòó tì í. Bonaventure wọ ẹ̀yìn, níbi tí Gracia jókòó sí. Mọ́tò ọlọ́pàá tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ ti gbogbo gíláàsì," Mathias wí. "Ti awakọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí díẹ̀, bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn."

Wọn ò tíì kọjá Ìta-Djèbou tí Pacôme fi ń gbé ẹsẹ̀ sókè, sílẹ̀. Bàtà aláwọ tó nípọn ló máa ń wọ̀ síbi iṣẹ́. Kò rántí páànù irin tí kì í jẹ́ kí ooru dé ibi ẹsẹ̀ awakọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ gé dànù nítorí kolẹkitọ̀ ayédèrú rẹ̀ kò gba ibẹ̀. Ilẹ̀ mọ́tò ti ń gbóná. Òógùn bò ó.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?" Mathias bi í.

"Kò sí nǹkan."

Símẹ́ńtì ti sán. Òórùn èéfín gba inú mọ́tò. Bonaventure wúkọ́ lẹ́yìn, ó ń yí bìrí, ohùn rẹ̀ ń lọ́. "Orí mi... ẹ ṣí i, ẹ ṣí gíláàsì..."

Mathias yíjú sí i. "Àna mi, ṣé ẹ̀yin náà ní wárápá ni?"

"Yéè! Ẹsẹ̀ mi o!" Pacôme pariwo. Mọ́tò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ọ̀pẹ, ó dúró gbì. Ó já ilẹ̀kùn, ó ká sùtánà sókè, ó sá wọ inú ọ̀pẹ. Mathias ì bá lé e, ṣùgbọ́n Bonaventure ti ń dákú lọ. Ó kọ́kọ́ wọ́ ọ jáde sí atẹ́gùn. Huguette àti àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ ló wọ oko. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti bó, ẹ̀gún imọ̀ ọ̀pẹ gún un káàkiri: ìdí igi ni wọ́n ti bá a, ó di ẹsẹ̀ mú, ó ń sunkún.

Wọ́n mú un padà, wọ́n ṣí kapó. Huguette fi kọ́kọ́rọ́ ha irin náà, ọ̀dà fàdákà bó. Páìpù omi ni! Páìpù tó ń gbé omi wọlé, tí wọ́n jó pọ̀.

"Irin Mathias dà?"

"Mo tà á fún ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ tó ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ."

"Ṣé ó là lóòótọ́?"

"Kò là. Kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Gracia ńkọ́?"

"N ò mọ̀ pé wọ́n á ti gíláàsì pa, Madamu!"

"Èmi kọ́ ni kó o sọ fún. Sọ fún bàbá tó jókòó yẹn."

Bonaventure wà lórí koríko, èébì wà láyà aṣọ rẹ̀. Pacôme kò lè wò ó lójú. "Kò ní wárápá, bàbá. Èmi ni mo ṣe é." Ṣẹkẹṣẹkẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mathias fi ọwọ́ bojú, ó sunkún níwájú gbogbo wọn, kò tì í lójú.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bonaventure àti Valentin wá dọ̀bálẹ̀ ní ilé Mathias. "Ojú ń tì mí," ni Bonaventure ń wí ṣáá. Gracia jáde láti iyàrá.

"Wọ́n ti rí i, Gracia," Valentin wí. "Kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́. A lè dá ọjọ́ míì."

"Nígbà tí wọ́n ń pè mí ní oníwárápá káàkiri ìlú, ibo lo wà?"

Valentin wo bàbá rẹ̀.

"Èmi náà mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe mí," Gracia wí. "O ò bi mí. Ẹ bá mi kí Màmá Valentin nílé. Ẹ máa lọ."

Mathias la ẹnu láti bá wọn bẹ̀ ẹ́. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó pa ẹnu dé. Ó dìde, ó sin bàbá àti ọmọ dé ojú títì, bí èèyàn ṣe ń sin àlejò.