Màmá Tó Wà Lẹ́yìn Gíláàsì Dúdú

Ẹni tó bá ti gbé mọ́tò sínú oòrùn ọ̀sán rí mọ bó ṣe ń rí. Èèyàn á ṣílẹ̀kùn, ooru á gbá a lójú, á fọwọ́ kan àga, á tètè fà á kúrò. Á dúró síta, á máa fi ilẹ̀kùn fẹ́ atẹ́gùn sínú kó tó lè wọlé jókòó. Gbogbo wa la ti ṣe é. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì rò ni ti ẹni tó bá wà nínú ibẹ̀ látìgbà tí ilẹ̀kùn ti wà ní títì.

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lílẹ tíńtì, ìyẹn ọ̀rá dúdú tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Ibòòji. Òun náà fẹ́ràn orúkọ yẹn, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí iṣẹ́, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀rá rẹ̀ kì í wú, kì í sì í ká létí.

Bó ṣe ń polówó nìyí. Á tan gílóòbù ńlá kan tó máa ń gbóná, á ní kí oníbàárà na ọwọ́ sí i. Tí iná bá ti ń ta onítọ̀hún lọ́wọ́, á ki gíláàsì tó ti lẹ tíńtì mọ́ bọ àárín ọwọ́ àti iná.

"Báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ?" á bi í.

"Háà! Ó mà tutù o!"

"Bí inú mọ́tò yín ṣe máa rí nìyẹn. Ẹ ra súwẹ́tà sílẹ̀."

Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á ní kó lẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ lẹ́nu Ibòòji títí òun fúnra rẹ̀ fi gbà á gbọ́. Nígbà tí éèsì tó ń mú inú mọ́tò rẹ̀ tutù bà jẹ́, kò tún un ṣe. Ó ní kí lẹni tó ní tíńtì fẹ́ fi éèsì ṣe? Ó wá mú èyí tó dúdú jù nínú ṣọ́ọ̀bù, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì yípo, àfi ti iwájú nìkan.

Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, òun àti ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, gbé ìyá ìyàwó lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Màmá ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ kan ṣáájú ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lójú ọ̀tún. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára, ó fi ike kékeré kan bo ojú náà. Ó ní kí wọ́n ṣọ́ra fún eruku àti oòrùn tó bá ń kọ mànà. Ó wá ku oògùn tí wọ́n máa kán sójú, kí wọ́n sì máa lọ sílé.

Ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èrò pọ̀. Ìlà gùn jáde dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn ń wọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀ funfun ibẹ̀ sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú èèyàn. Màmá fi ọwọ́ bojú.

"Ẹ jẹ́ kí Màmá lọ jókòó sínú mọ́tò," Ibòòji wí. "Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó tutù, eruku ò sì lè wọbẹ̀."

"Nínú oòrùn tí mọ́tò wà yẹn?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Tíńtì ta ni mo lẹ̀ mọ́ ọn? Àbí ìwọ gan-an ò fọkàn tán iṣẹ́ ọkọ ẹ?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká kúkú ṣí gíláàsì díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn."

"Kí eruku máa fẹ́ sójú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe? Ṣebí a jọ gbọ́ ohun tí dókítà sọ ni."

Màmá náà dá sí i.

"Ẹ má jà nítorí mi. Ẹ mú mi lọ síbẹ̀ jàre, ṣebí ẹ̀ ń bọ̀ báyìí."

Ibòòji fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó mú wọn jókòó sí ẹ̀yìn, ó yí gbogbo gíláàsì sókè, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn àti gíláàsì rẹ̀ kì í ṣí láti inú, nítorí ọmọ wọn tó máa ń fi wọ́n ṣeré ni wọ́n ṣe dè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ibòòji kò rántí. A kò fẹ̀sùn ìkà kàn án, ó fẹ́ràn ìyá yẹn dénú, ó sì gbà pé ibi tó dára jù nínú gbogbo ọgbà náà lòun fi wọ́n sí. Aago méjìlá ọ̀sán ti kọjá díẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú kọjá, ìlà kò sún tó nǹkan. Nígbà tó ku èèyàn mẹ́fà níwájú wọn, ọlọ́dẹ ilé ìwòsàn yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àgbà ọkùnrin ni, òógùn ti mu fìlà iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni mọ́tò onígíláàsì dúdú tó kọjú sí ògiri yẹn?"

Ìyàwó fẹ́ dáhùn. Ibòòji tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Dákẹ́ jàre," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìwé àṣẹ tíńtì ló fẹ́ bèèrè. Mi ò tíì gba ti ọdún yìí."

"Màmá tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Kò lè rí wọn. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ tó máa rí inú mọ́tò mi?" Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló dùn wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kò sí lọ́kàn ọlọ́dẹ rárá. Ìdí mọ́tò náà ló yọ sójú ọ̀nà, ó sì fẹ́ kí wọ́n tún un gbé kí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lè ráyè kọjá. Ó bèèrè lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó bínú padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó mú bébà lọ kọ nọ́ńbà mọ́tò náà sílẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ló gbọ́ ìró kan: kò. Ó dúró. Ó tún gbọ́ ọ: kò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ojú, ó lẹ iwájú orí mọ́ gíláàsì. Ọwọ́ èèyàn ló rí, ó mú bàtà ẹsẹ̀ kan dání.

Ọlọ́dẹ kò rántí ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́. Eré ló sá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Èèyàn wà nínú mọ́tò dúdú yẹn o! Èèyàn ń kú lọ níbẹ̀! Ta ló ni ín?"

"Yéè! Màmá mi!" Aránṣọ ju báàgì sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀. Ibòòji tẹ̀ lé e, ó ń tú gbogbo àpò rẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ooru tó jáde lé ọlọ́dẹ sẹ́yìn. Màmá ti wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ara wọn gbóná janjan, ó sì gbẹ, kò sí òógùn lára wọn mọ́. Wọ́n wo ọmọ wọn lójú, wọ́n ní, "Ìyá mi, ṣé wọ́n ti lu aago ilé ìwé?"

Aránṣọ bú sẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì kan ti gbọ́ ariwo, ó ti dé.

"Ẹ gbé wọn sábẹ́ òrùlé, kíákíá! Ẹ tú aṣọ ọrùn wọn. Ẹ mú omi tútù àti tówẹ́ẹ̀lì wá, ẹ fi sí ọrùn, sí abíyá méjèèjì, sí àárín itan. Ẹ máa fẹ́ wọn, ẹ má dúró. Omi ò gbọdọ̀ kan ojú tí wọ́n ṣe o!"

"Ṣé kí n fún wọn lómi mu?" Ibòòji bèèrè.

"Rárá o. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà. Tẹ́ ẹ bá da omi sí wọn lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ."

Wọ́n gbé Màmá wọlé. Ó ku Ibòòji àti ọlọ́dẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

"Ìwọ lo ni ín?" ọlọ́dẹ bi í. "Mo wá bèèrè nígbà àkọ́kọ́. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Mo rò pé ìwé àṣẹ lẹ fẹ́ bèèrè ni."

"Ìwé àṣẹ." Ọlọ́dẹ mi orí. "O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa lápálápá."

Ibòòji wọ mọ́tò, ó gbé e kúrò lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Aránṣọ jókòó tì wọ́n, kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ni Màmá bèèrè omi, tí wọ́n sì pe ọmọ wọn lórúkọ. Ara tu gbogbo wọn. Bí ara ṣe tu Ibòòji tán, ẹnu rẹ̀ padà sí iṣẹ́. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì.

"Nọ́ọ̀sì, mi ò fẹ́ jiyàn o. Àmọ́ tíńtì mi, ojúlówó ni. Kò yẹ kí inú mọ́tò yẹn gbóná bẹ́ẹ̀. Àbí àìsàn mìíràn ti wà lára Màmá tẹ́lẹ̀ ni?"

Nọ́ọ̀sì kò bínú. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹ gbé mọ́tò yín wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Tèmi ò ní tíńtì."

Wọ́n gbé mọ́tò méjèèjì sínú oòrùn, wọ́n ti gbogbo gíláàsì. Nọ́ọ̀sì fi tẹmọ́mítà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ooru, sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó so ẹ̀kẹta kọ́ abẹ́ òrùlé níta. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n lọ wò ó. Ti ìta jẹ́ dígíríì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ti mọ́tò nọ́ọ̀sì jẹ́ mọ́kànléláàádọ́ta. Ti Ibòòji jẹ́ méjìdínláàádọ́ta.

"Ẹ ò rí i!" Ibòòji fò sókè. "Tèmi tutù ju tiyín lọ!"

Ẹ̀yin ẹ wo èèyàn! Ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Òótọ́ ni," nọ́ọ̀sì dáhùn. "Dígíríì mẹ́ta ni tiyín fi dín. Ẹ wọlé, kí ẹ jókòó síbi tí Màmá jókòó sí. Ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa kàn án tí n ó fi ṣí i."

Ibòòji wọlé. Nọ́ọ̀sì pa ilẹ̀kùn dé. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi kàn án. Ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ojú rẹ̀ sì ti yí padà.

"Màmá lo ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ," nọ́ọ̀sì sọ fún un. Kò sọ ọ́ kíkan.

Ibòòji jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àmọ́ gílóòbù tí mo fi ń han àwọn oníbàárà ńkọ́? Mi ò tàn wọ́n jẹ. Ọwọ́ wọn máa ń tutù lóòótọ́."

"Ìta gbangba lọwọ́ wà, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Tíńtì máa ń dín oòrùn tó ń ta èèyàn lára kù, ìyẹn ò sí níyàn. Tí mọ́tò bá ń rìn, tí éèsì ń ṣiṣẹ́, ó ń ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ mọ́tò tó dúró, tí gbogbo ẹ̀ wà ní títì, ooru tó bá wọ inú rẹ̀ kò rọ́nà jáde, ṣe ni á máa pọ̀ sí i. Ọ̀rá dúdú yẹn gan-an ń gba oòrùn sára, ó ń gbóná. Pé ó dúdú kò ní kó tutù."

"Èyí tó wọ́n jù, tó dára jù ńkọ́?"

"Á jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i. Kò ní dá a dúró."

"Tí mo bá ti ṣí gíláàsì díẹ̀, bí ìyàwó mi ṣe wí?"

"Ìyẹn náà ò tó nǹkan. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ wá bá wa. A níbi tó ṣú díẹ̀, tí fáànù ń fẹ́, fún àwọn tá a bá ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹ ò bèèrè."

Lọ́jọ́ kẹrin, dókítà yẹ ojú Màmá wò, kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n gbé wọn jókòó. Ibòòji wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bẹ̀ wọ́n. Màmá ní kó dìde.

"Mi ò bínú sí ẹ, àna mi. Gíláàsì ẹ dára. Mo rí gbogbo ẹni tó kọjá kedere. Tíṣà ni mí, mo máa ń ka èèyàn. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mo ń kan gíláàsì, àmọ́ ọwọ́ mi ò lágbára mọ́. Obìnrin kan tiẹ̀ dúró níwájú mi gan-an. Mo ní, Ọlọ́run ṣeun, ó ti rí mi. Ó tún ìbòrí rẹ̀ wé, ó fi ìka nu etí ẹnu, ó yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín sí mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín sí i. Ìgbà tó lọ ni mo tó mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń wò."

Ibòòji sunkún, kò fi pa mọ́.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará àdúgbò, a kò ní kí ẹ má lẹ tíńtì. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí tíńtì kan tó lè sọ mọ́tò tó wà nínú oòrùn di ibi tí èèyàn lè dúró sí. Ẹ má fi àgbàlagbà sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fi ọmọdé sílẹ̀, ẹ má fi aláìsàn sílẹ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún ìlà oògùn kì í ṣe márùn-ún. Tí wọ́n bá pe mọ́tò yín níta, ẹ dáhùn. Tí ẹ bá bá ẹnì kan nínú ooru bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e jáde, ẹ fi omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá oníṣègùn lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì dúró níwájú gíláàsì dúdú kan lọ́sàn-án gangan láti tún ara yín ṣe, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fi ọwọ́ ká ojú, kí ẹ wo inú rẹ̀.