Ta Ló Lé Ewúrẹ́ Fàdìlàt Lọ?

Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, kí orúnkún kan orúnkún.
Ẹ wá gbọ́ bí inú ṣe bí Fàdìlàt.

Fàdìlàt ń gbé ní Ẹdẹ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà.
Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, tó bá ti kúnlẹ̀ kí wọn, Ìyá Àgbà á gbé ohùn sókè. Wọ́n á máa kì í:

"Àwẹ̀ró mi, Àwẹ̀ró,
ọmọ tí a wẹ̀ tó ń dán,
ọmọ tó rẹ́rìn-ín tílé mọ́lẹ̀,
Àwẹ̀ró, ṣé o jí ire?"

Orí Fàdìlàt á wú. Á gba ilé ìwé lọ. Bàtà rẹ̀ á máa dún kò, kò, kò.

Kíláàsì Fàdìlàt ní búlọ́ọ̀gì. Ojú ewé ni, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìtàn wọn sí.
Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn náà á rí i kà.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní páásíwọọ̀dù tirẹ̀.
"Kọ́kọ́rọ́ ni," Àǹtí Bùkọ́lá, olùkọ́ wọn, ló wí bẹ́ẹ̀. "Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́?"
"A ò ní sọ fún un."
"Tó bá fún yín ní bisikíìtì ńkọ́?"
"A ó jẹ bisikíìtì. A ò ní sọ."

Fàdìlàt fi ọwọ́ kan bo ọwọ́ kejì. Ó tẹ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Kọ, kọ, kọ.
Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún o: Àwẹ̀ró ló tẹ̀.

Ó wá kọ ìtàn ewúrẹ́ rẹ̀ tó bí ìbejì. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Mẹ̀ẹ̀, mẹ̀ẹ̀.
Kánò ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti sọ fún un pé, "Ní ìrọ̀lẹ́ òní, màá ka ìtàn rẹ."

Àwọn ọmọ lọ ṣeré. Wọ́n padà wọlé. Àǹtí Bùkọ́lá ṣí búlọ́ọ̀gì.
Ewúrẹ́ ti lọ. Ìbejì ti lọ.
Ohun tó kù níbẹ̀ ni: "Èmi Fàdìlàt, mo ṣì ń tọ̀ sórí ẹní."
Kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Inú bí Fàdìlàt. Inú bí i, fùù, bí ìkòkò tó ń hó.
"Irọ́ ni. Mi ò tọ̀. Ta ló lé ewúrẹ́ mi lọ?"

Ó sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ pe gbogbo wọn ní olórí ìmàdò.
Àǹtí Bùkọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Rárá o. Ọwọ́ tínú ń bí kì í tẹ kọ̀ǹpútà. Tó o bá kọ èébú síbẹ̀, bàbá rẹ náà á kà á. Irú nǹkan báyìí, àgbà là á sọ fún."

Àǹtí pa irọ́ náà rẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ní kọ́kọ́rọ́ rẹ. Ta lo sọ ọ́ fún?"
"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."
"Lọ ronú wò. Tó o bá ti mọ ibi tó ti jò, padà wá ká pààrọ̀ rẹ̀. Mo ṣì wà níbí, mo fẹ́ kọ́ àwọn kan ní lẹ́sìnnì."

Aago dún, gban, gban. Fàdìlàt gba ọ̀nà ilé. Ó ń ta yẹ̀pẹ̀ nípàá.

Oníkẹ̀kẹ́ rí i. "Àwẹ̀ró, ta ló ṣe ọ́?"
Inú bí Fàdìlàt. Ó ta yẹ̀pẹ̀. Pàá.

Ìyá ẹlẹ́pà rí i. "Àwẹ̀ró wa, kí ló dé tẹ́nu gùn báyìí?"
Inú túbọ̀ bí i. Pàá, pàá.

Ọmọ ọwọ́ kan tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ na ọwọ́ sí i. "A-wẹ̀-yó."
Fàdìlàt dúró gbagidi.
Àṣé gbogbo àdúgbò ló ní kọ́kọ́rọ́ òun.

Ó já wọlé. Ìyá Àgbà ní, "Àwẹ̀ró mi, o ti dé?"
"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ ń pariwo rẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀yin lẹ lé ewúrẹ́ mi lọ."
Ìyá Àgbà dìde lórí àpótí.

Zulfah yọjú. Kíláàsì kan náà lòun àti Fàdìlàt wà, yàrá kejì ló sì ń gbé. Omi ti dé sójú rẹ̀.
"Ìyá Àgbà kọ́. Èmi ni. Mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kì ọ́. Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń ṣeré, mo tẹ Àwẹ̀ró wò. Ó sì ṣí. Mo kàn ń ṣeré ni."
"Eré? Ta ló ń tọ̀ sórí ẹní, èmi àbí ìwọ?"
Zulfah wo ilẹ̀. "Èmi. Nígbà mìíràn."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá Àgbà. Wọ́n gbé e mì.
"Zulfah, eré tó ń pa ẹlòmíràn lẹ́kún, kì í ṣe eré. Ìwọ Fàdìlàt, lọ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ. Orúkọ tí mo fi ń kẹ́ ọ ńkọ́? Mi ò ní pààrọ̀ ìyẹn nítorí kọ̀ǹpútà."
Fàdìlàt kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yára padà sílé ìwé. Ìyá Àgbà ń dá orin, àwọn ọmọ ń gbè é:

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ dà?
Inú mi ló wà.
Ṣé ọ̀rẹ́ mọ̀ ọ́n?
Ọ̀rẹ́ ò mọ̀ ọ́n.
Ṣé àdúgbò gbọ́?
Àdúgbò ò gbọ́."

Nígbà tí wọ́n dé ìdí kọ̀ǹpútà, Àǹtí Bùkọ́lá kẹ̀yìn sí Fàdìlàt. Zulfah kẹ̀yìn sí i. Ìyá Àgbà, tí wọn ò mọ̀wé, àwọn náà kẹ̀yìn sí i.
Fàdìlàt tẹ kọ́kọ́rọ́ tuntun. Kọ, kọ, kọ, kọ, kọ, kọ. Ó mà gùn o.
Kí ló tẹ̀? Mi ò mọ̀. Mo bi í, kò dá mi lóhùn.

Ó tún ìtàn rẹ̀ kọ. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Mẹ̀ẹ̀, mẹ̀ẹ̀.
Zulfah fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀: "Èmi ni mo pa irọ́ mọ́ Fàdìlàt. Mo tọrọ àforíjì."

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ lẹ́, fóònù dún. Bàbá Fàdìlàt ni.
"Mo ka ìtàn rẹ. Mo tún kà á fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n ní kí n bi ọ́: èwo ló kọ́kọ́ jáde, dúdú àbí funfun?"
"Dúdú ni, Bàbá mi."

Ìyá Àgbà gbé mọ́ín-mọ́ín kalẹ̀, ó ń gbóná fẹlifẹli. Àǹtí Bùkọ́lá náà wá.
Inú ṣì ń bí Fàdìlàt sí Zulfah díẹ̀. Zulfah yọ ẹyin inú mọ́ín-mọ́ín tirẹ̀, ó fi sínú abọ́ Fàdìlàt.
Fàdìlàt wo ẹyin. Ó wo Zulfah. Ó là á sí méjì, ó dá ìlàjì padà.

Wọ́n jẹ, wọ́n yó. Àǹtí Bùkọ́lá gbalé rẹ̀ lọ. Zulfah wọ yàrá wọn lọ.
Mọ́ín-mọ́ín tèmi náà ti jinná. Ẹ gba kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ ẹ́ yó, kí ẹ tó máa lọ sílé.