Èkúté Oníbọ́tìnì Méjìlá

Ọ̀sán gangan ni Ọláyanjú gbé mọ́tò tuntun wọ àdúgbò àwọn ahunṣọ n'Ísẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó wà nídìí òfì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí ìjàlọ ta. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ń fọwọ́ pa mọ́tò náà lára bí ẹni ń tu ẹṣin lójú. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dìde. Kàdírì ni. Ó tẹrí mọ́lẹ̀, ó ń ju ọkọ̀ òfì láti ọ̀tún sí òsì, òwú sì ń já mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Kàdírì, o ò wá kí ọ̀rẹ́ rẹ ni?" Àwáwù ìyá rẹ̀ ké sí i láti ìta. "Ẹgbẹ́ rẹ rèé o! Ọjọ́ kan náà la kó ẹ̀yin méjèèjì jókòó sídìí òfì."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Kàdírì bí abẹ́rẹ́.

Ta ló kọ́ Ọláyanjú ní géèmù? Kàdírì yìí náà ni. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, bí wọ́n bá ti ṣíwọ́, wọn a lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà háyà. Kàdírì ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́ nínú géèmù ogun, bí wọ́n ṣe ń ba lé ọ̀tá lẹ́yìn. Nígbà náà, ó máa ń nà án ní ànàsùn. Ṣùgbọ́n Ọláyanjú kò fi í sílẹ̀. Ó bọ́ sínú ìdíje lórí ayélujára, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta géèmù kan l'Ékòó gbà á, wọ́n sì lọ gba ife-ẹ̀yẹ nílẹ̀ òkèèrè. Owó dé. Òkìkí dé. Kàdírì ṣì wà nídìí òfì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọláyanjú jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ yẹn, èrò sì pé lé e lórí. Gbogbo wọn ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Kàdírì ní tirẹ̀ ń wo ọwọ́. Máòsì dúdú kan ló wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Ọláyanjú, kò ní wáyà kankan. Níbi tí àtàǹpàkò ń gbà sinmi, bọ́tìnì méjìlá tò síbẹ̀ bí ọmọ àgbàdo lára ṣúkù rẹ̀. Àtàǹpàkò náà ń jó lórí wọn. Ọ̀tá sì ń ṣubú.

"Báwo lo ṣe ń ṣe é?" ni Kàdírì bi í.

"Bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ni mo ti rán níṣẹ́ tirẹ̀," ni Ọláyanjú fèsì. "Èyí ń yọ ìbọn. Èyí ń wo ọgbẹ́ sàn. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì kọ́ ló ń ta ayò, ọ̀rẹ́ mi. Ọwọ́ ni. Bó o bá fẹ́ ra tìrẹ, èyí tó bá ọwọ́ rẹ mu ni kó o rà."

Kàdírì rẹ́rìn-ín. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń sọ pé: Ahun! Ó ti dé òkè tán, ó fẹ́ yọ àkàsọ̀.

Bàbá kan wà tó máa ń ti ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ wá gba aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Kàdírì. Àsánì lorúkọ rẹ̀, oníṣègùn ni. Ó ga, ó gbẹ, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì sì gùn jáde lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fi aṣọ náà ṣe. Bó ṣe dé lọ́jọ́ kejì, ó fìdí lé àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, kò tilẹ̀ wo aṣọ.

"Òwú ń já mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Ẹ má bínú, bàbá."

"N ò bínú. Ìwọ lò ń bínú. Owú ń rùn lára rẹ, mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti títì." Ó sún mọ́ ọn. "Ta ni?"

Kàdírì kò mọ ìgbà tó tú gbogbo rẹ̀ jáde: mọ́tò, ife-ẹ̀yẹ, máòsì.

"Kí lẹ pe nǹkan ọ̀hún?"

"Máòsì, bàbá. Èkúté ni ìtumọ̀ rẹ̀."

Àsánì rẹ́rìn-ín, eyín gígùn méjèèjì sì yọ. "Èkúté! Èkúté a máa jẹun. Mú ọ̀rẹ́ rẹ lọ sọ́jà, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa oníbọ́tìnì méjìlá fún ọ. Lẹ́yìn náà, mú èkúté wá, kó o sì mú òun náà wá. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ á di tìrẹ."

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

"O mọ̀ ọ́n. Bó o bá bi mí lẹ́ẹ̀kejì, má wulẹ̀ wá."

Kàdírì kò bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Inú Ọláyanjú dùn gan-an nígbà tí Kàdírì ní kó bá òun lọ ṣa máòsì ní Ṣakí. Ó fi mọ́tò gbé e, ó ń sọ̀rọ̀ lọ bí omi. Ó ní òun ti dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀gá ẹgbẹ́ àwọn. Kàdírì ń wo bí ọyẹ́ ṣe bo pápá lójú.

Àlàájà Mùyìbátù ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí wọ́n wọ̀. Ó to máòsì aláìlówáyà mẹ́ta sórí gíláàsì. Ọ̀kan fúyẹ́ bí ẹyin adìẹ, bọ́tìnì rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ. Méjì yòókù wúwo, bọ́tìnì méjìlá méjìlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Àlàájà, èwo ló dáa jù nínú wọn?" ni Kàdírì béèrè.

"Ọmọ mi, èyí tó bá ọ lára mu ni," ni obìnrin náà dáhùn. "Máòsì oníbọ́tìnì púpọ̀ dà bí ilé oníyàrá púpọ̀. Bó ò bá mọ yàrá tó o kó ẹrù sí, ṣe ni wàá máa táràrà nínú òkùnkùn."

Ọláyanjú di ọwọ́ Kàdírì mú, ó gbé e lé máòsì kọ̀ọ̀kan. Ó wò ó bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe kún un, bí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe dé bọ́tìnì tó jìnnà jù. Ó bi Àlàájà bí bátìrì ṣe ń pẹ́ tó, bóyá máòsì náà a máa sùn lọ láàárín ìjà.

"Mú fúyẹ́fúyẹ́ yìí," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ọwọ́ rẹ yára. Ẹrù kò yẹ ẹ́."

Kàdírì fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Oníbọ́tìnì méjìlá ni mo fẹ́. Tàbí èmi ò tó o lò?"

Ọláyanjú gbé fúyẹ́fúyẹ́ náà sílẹ̀. Ó wá tẹ bọ́tìnì àwọn máòsì méjì tó wúwo yẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fetí sí bí wọ́n ṣe ń dún, ó mú èyí tí tirẹ̀ rọ̀ jù, ó sanwó, ó fi í lé Kàdírì lọ́wọ́. "Ẹ̀bùn ni."

"O ṣé," ni Kàdírì wí. Ó korò lẹ́nu rẹ̀ ju jogbo lọ. Ó ń fi hàn mí pé òun lówó, ló ń rò. "Bá a bá ti ń padà, jẹ́ ká yà lẹ́bàá Àgọ́-Àrẹ. Mo fẹ́ gbé aṣọ fún oníbàárà mi kan."

Ọ̀nà yángí ni wọ́n gbà wọ inú igbó ọ̀dàn. Igi òrí dúró káàkiri, ewé wọn gbẹ. Oòrùn wà ní àtàrí. Ilé amọ̀ kan wà lábẹ́ àpáta, kò ní fèrèsé. Àsánì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin ọmọ mi."

Òkùnkùn inú yàrá náà nípọn bí àdín. Ìtọ̀ èkúté ń rùn níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ti kan ń rùn pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ojú Kàdírì là díẹ̀, ó rí aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so rọ̀ láti àjà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun kékeré kan tó ti gbẹ ń mì. Ó fojú sùn ún. Àtàǹpàkò ènìyàn ni.

Kó tó lanu, Àsánì ti fẹ́ àtíkè kan sójú Ọláyanjú. Ọmọkùnrin náà wó lulẹ̀ gbì. Àsánì fi aṣọ pupa dì í tọwọ́ tẹsẹ̀. Ó gba máòsì lọ́wọ́ Kàdírì, ó gbé e sórí òkúta, ó dúńbú ewúrẹ́ kan lé e lórí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀, ohùn rẹ̀ ń rìn nílẹ̀:

"Èkúté ilé kì í tọrọ gáfárà kó tó jẹ iṣu onílé.
Òkùnkùn kì í bẹ ojú kó tó bò ó.
Ohun tí èkúté bá wọ́ wọ ihò, onílé kì í rí i mọ́.
Wọ́ ọ! Wọ́ ọ wá! Wọ́ ọ wọlé!"

Iná pupa tàn lára máòsì náà. Bátìrì rẹ̀ ṣì wà nínú páálí. Ní ìdí ògiri, ìkòkò dúdú mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì, èékánná ń ha wọn nínú.

"Mo ti rán bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan níṣẹ́," ni Àsánì wí. "Ìkíní, ohùn rẹ̀. Ìkejì, ojú rẹ̀ òsì. Ìkẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìkejìlá, ẹ̀mí. Bó o bá tẹ̀ wọ́n tán, oríire rẹ̀ ti di tìrẹ. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tìrẹ kan ilẹ̀ yìí o. Àwọn tó wà nínú ìkòkò kò mọ ọmọ, wọn ò mọ baba."

Ọláyanjú ti lajú. "Kàdírì! Kí ni mo fi ṣe ọ́? Kàdírì, ọ̀rẹ́ rẹ ni mo—"

Kàdírì tẹ ìkíní.

Ohùn náà gé, bí òwú tí ọ̀bẹ bà. Ẹnu Ọláyanjú ń ṣí, ó ń pa dé, kò sí ìró. Nǹkan gbígbóná kan yọ́ wọ ọ̀fun Kàdírì. Ó dùn. Ìyẹn ló burú níbẹ̀: ó dùn bí oyin.

"Tẹ̀ é!" ni Àsánì wí.

Ó tẹ ìkejì. Ojú òsì Ọláyanjú funfun báláú bí ẹyin tí wọ́n sè. Lẹ́ẹ̀kan náà, Kàdírì ń fi ojú yẹn ríran.

Ara rẹ̀ ló rí. Ó rí Kàdírì ọjọ́sí nídìí kọ̀ǹpútà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń kígbe orúkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń fò bí ẹyẹ. Ó mọ ohun tí Ọláyanjú tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ń rò: Ìbá jẹ́ pé èmi ni mo ní ọwọ́ yìí! Owú ni. Owú gbígbóná, bíi ti Kàdírì gan-an. Ṣùgbọ́n Ọláyanjú ti gbé tirẹ̀ mì. Ó ti gbé e lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó ti fi ṣiṣẹ́ títí tó fi di ọ̀wọ̀. Láàárọ̀ yìí, ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájà, ọwọ́ yẹn kan náà ló dì mú, tó sì wá ohun tó yẹ ẹ́.

"Ó tó!" ni Kàdírì fẹ́ sọ. Ó ní kí òun gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ kò gbé. Ara máòsì náà ti rọ̀, ó ti hu irun. Nǹkan mímú méjì ti wọ inú àtàǹpàkò rẹ̀ kan egungun, ó dì í mú, ó ń fà á lọ sórí ìkẹta.

Àsánì ń rẹ́rìn-ín. "Èkúté tó ti tọ́ ẹran wò, ta ló lè ní kó gbààwẹ̀?"

Ọ̀bẹ tí Àsánì fi dúńbú ewúrẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Kàdírì fi ọwọ́ òsì gbé e. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí bó bá rò ó, kò ní lè ṣe é. Ó gé àtàǹpàkò rẹ̀ sọnù láti ìdí.

Ẹ̀jẹ̀ tú sílẹ̀.

Ẹ̀rín Àsánì dá. Ìkòkò àkọ́kọ́ fọ́, èkejì fọ́, gbogbo wọn fọ́. Èkúté dà jáde bí omi tó ya dáàmù, òkété tó tó ológbò, ojú wọn pupa. Ẹ̀jẹ̀ Kàdírì ni wọ́n kọ́kọ́ lá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbórí sókè, wọ́n kọjú sí ẹni tó ń bọ́ wọn. Àsánì pe ọfọ̀. Wọ́n wọ ẹnu tó ń pe ọfọ̀. Ó na ọwọ́ sí Kàdírì, ọwọ́ náà ti di egungun kó tó nà tán. Igbe rẹ̀ kọ́kọ́ jáde láti ọ̀fun, ó wá ń jáde láti ibi tí ọ̀fun wà tẹ́lẹ̀.

Kàdírì gé ìdè ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n jáde sínú oòrùn, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Kàdírì ò lè rìn jìnnà, ẹ̀jẹ̀ ti lọ púpọ̀ lára rẹ̀. Ọláyanjú bọ́ ẹ̀wù, ó fi di ọwọ́ náà, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn títí dé ibi tó gbé mọ́tò sí. Ojú kan ló fi wakọ̀ dé ilé ìwòsàn ní Ṣakí. Kàdírì kò sọ̀rọ̀. Ó pa eyín pọ̀, ó ń bẹ̀rù ohun tó wà ní ọ̀fun rẹ̀.

Wọ́n ti rán ọgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá kan dé, ó dúró sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì. Ó kọjú sí Ọláyanjú.

"Dókítà ní o ò lè sọ̀rọ̀. Fọwọ́ júwe fún mi. Ta ló mú ọ lọ síbẹ̀?" Ó nàka sí Kàdírì. "Ṣé eléyìí ni?"

Ọláyanjú yí orí padà díẹ̀díẹ̀. Ojú kan tó kù fún un wo Kàdírì, ó wò ó pẹ́. Ó wá mi orí: rárá.

Owú tún ta Kàdírì láyà, ó mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ kọ́, owó kọ́, mọ́tò kọ́. Irú ọkàn báyìí ni kò ní, kò sì sí ọjà tí wọ́n ti ń ṣà á. Ó gbìyànjú láti dákẹ́, kò ṣeé ṣe.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo mú un lọ."

Ọlọ́pàá náà yí padà gìrì sí Ọláyanjú, nítorí ohùn rẹ̀ ni gbogbo Òkè-Ògùn mọ̀ lórí fídíò. Ṣùgbọ́n ẹnu Ọláyanjú pa dé. Omijé nìkan ló ń dà lójú rẹ̀, bó ṣe ń tẹ́tí sí ohùn ara rẹ̀ lẹ́nu Kàdírì, tó ń jẹ́wọ́ lọ láìdánu dúró.