Àlùbọ́sà Tó Hu Ìwo

Bí ẹ bá gba iwájú ìsọ̀ Oníbọ́tìnì kọjá láàárọ̀, ẹ máa rò pé irun orí ẹnì kan ló ń jó. Ẹ má pariwo iná. Ìwo màlúù ló ń fi ayùn rẹ́. Bí ayùn bá ti gbóná mọ́ ìwo lára, òórùn rẹ̀ á gba àdúgbò, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ á sì máa fọwọ́ pa orí ara wọn wò.

Ọwọ́ Oníbọ́tìnì dáa o. Á rẹ́ ìwo pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, á lu ihò sí i, á fi sáńpépà fá a títí á fi máa dán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpara pa á. Ẹni tó bá wọ kóòtù tó ní bọ́tìnì rẹ̀ lára, ńṣe ló máa ń rìn bíi pé òun ló ni títì.

Ẹ̀yìn ìsọ̀ yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ kékeré ti ń sin màlúù. Ìyá Oníwàrà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Páànù lásán ló là wọ́n láàárín. Wàrà àwọn màlúù yẹn ni ìyá yìí tà tó fi tọ́ Oníbọ́tìnì dàgbà, débi pé tí màlúù kan bá wúkọ́ lẹ́yìn páànù, Oníbọ́tìnì á fi ayùn sílẹ̀, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, àǹtí."

Lọ́jọ́ kan, rédíò kéde pé àrùn ẹsẹ̀-àti-ẹnu ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹran ọ̀sìn ní òdìkejì ibodè. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kó ẹran wọlé, tàbí awọ, tàbí egungun, tàbí ìwo, àfi tó bá ní ìwé àṣẹ.

Oníbọ́tìnì pa rédíò. "Àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu ni wọ́n pè é. Ṣé ìwo ní ẹsẹ̀ ni? Àbí ó lẹ́nu? Kí ló wá kan ìwo nínú ẹjọ́ yìí?"

Kò-séwu bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, òun ló sì máa ń bá a kó ìwo wá láti òdìkejì ibodè. "Ẹran tó ti kú, àìsàn wo ló tún kù tó fẹ́ ṣe? Ṣé ó máa kú lẹ́ẹ̀kejì ni? Fi sílẹ̀ fún mi. Abẹ́ àlùbọ́sà ni màá kó wọn sí. Ta ló fẹ́ tú àlùbọ́sà wò, kó wá máa sunkún lẹ́nu iṣẹ́?"

Ohùn kan ti ẹ̀yìn páànù jáde. "Ẹ̀yin méjèèjì, mò ń gbọ́ yín o."

"Eré là ń ṣe, Ìyá," Oníbọ́tìnì dáhùn.

"Ẹ máa ṣeré yín. Àmọ́ ìwọ ọmọ yìí, tí o bá gbé ìwo tí ò níwèé wọ ọgbà yìí, ìwọ àti ìwo lẹ máa jọ sùn síta. Àwọn ẹran yìí ni mo ní láyé. Tí àrùn bá kó wọn, mi ò ní òmíì."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Oníbọ́tìnì lára. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ránṣẹ́ sí Kò-séwu pé kó dúró ná, ó wọ mọ́tò, ó kọrí sí ẹnu ibodè láti lọ gbàwé àṣẹ.

Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù. Oníbọ́tìnì ò ráyè àmì ohùn rárá, kò sì ráyè à ń kán nǹkan sábẹ́ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ wàràwàrà, ó tì í wọlé lójú fèrèsé, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó wá sún àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Dókítà ẹran jáde wá, obìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ohun tí wọ́n kọ síbí nìyí, mà. Ẹni tó lẹrù: ẹ̀mí. Ẹrù tó fẹ́ kó: ìwọ. Ohun tó fẹ́ fi ṣe: bọ́tìnì." Akọ̀wé ti fọ́ọ̀mù náà jìnnà sí ara rẹ̀. "Mà, ẹ̀mí kan fẹ́ kó mi lọ fi ṣe bọ́tìnì. Mo sì níyàwó nílé."

Oníbọ́tìnì fò dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Èmi ni mo kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo kọ, mi ò kọ ẹ̀mí. Ìwo náà ni mo sì kọ. Ìwo orí."

"Orí ta?"

"Orí màlúù, sà."

Akọ̀wé kọ́kọ́ fi ìdí báírò tọ́ ọ léjìká wò, kó tó gbà pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Dókítà ti jókòó sílẹ̀ látàrí ẹ̀rín.

"Fọ́ọ̀mù yìí ò ṣe é lò," obìnrin náà sọ nígbà tó rí èémí mí. "Ẹ kọ ọ́ ní kíkún. Ìwo irú ẹran wo? Ìlú wo ló ti wá? Ṣé wọ́n ti sè é? Ṣé wọ́n ti yọ egungun inú rẹ̀?"

"Mà, ẹran náà ti kú. Àìsàn wo ló tún lè wà lára ìwo?"

"Ẹran ló kú, kòkòrò àrùn ò tíì kú. Ìdí ìwo tútù, níbi tó ti lẹ̀ mọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran máa ń kù síbẹ̀. Ibẹ̀ ni kòkòrò yẹn máa ń fara pamọ́ sí. Ó lè lẹ̀ mọ́ àpò, ó lè lẹ̀ mọ́ bàtà yín àti táyà ọkọ̀. Tó bá fi lè rí màlúù, ó ti dé ibi tó ń lọ. Ẹnu màlúù á bó, itọ́ á máa dà, ẹsẹ̀ á máa dùn ún, wàrà á gbẹ. Àwọn ọmọ màlúù á máa kú. Nígbà míì, gbogbo ẹran inú ọgbà la máa pa kó má bàa ràn kálẹ̀."

Oníbọ́tìnì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Páànù ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ ló ń rí lọ́kàn, àti ìwo tó máa ń kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ páànù náà.

"Báwo ni mo ṣe máa ṣe é báyìí, mà?"

"Ẹ gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ wa kí ẹrù tó gbéra. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta ìwo fún yín. Dókítà ẹran tọ̀hún á yẹ ẹrù wò, á fọwọ́ sí ìwé pé ibi tí àrùn ò sí ló ti wá, pé wọ́n ti sè é, ó sì ti gbẹ. Tó bá dé ibí, àwa náà á wò ó. Ó parí. Kò sí ẹ̀mí kankan nínú ẹ̀."

Bí akọ̀wé ṣe ń wá fọ́ọ̀mù tuntun ni Oníbọ́tìnì gbójú sókè. Ọkọ̀ Kò-séwu ló ń bọ̀ lẹ́nu géètì ibodè. Ó ti kó ẹrù kó tó gbọ́ pé kí òun dúró, ó sì gbà pé oore lòun ń ṣe. Ó yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, ó ṣẹ́jú sí Oníbọ́tìnì, ó fọwọ́ gbá àpò àlùbọ́sà pẹ́pẹ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè ti ń gbé igi tó dí ọ̀nà sókè.

Ọkàn Oníbọ́tìnì pín sí méjì. Tó bá dákẹ́, ìwo á délé, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Tó bá sọ̀rọ̀, ìwo ti lọ nìyẹn, ọ̀rẹ́ á bínú. Àmọ́ ó rí ìyá rẹ̀ kékeré lọ́kàn, tó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ màlúù, tí garawa ṣófo.

Ó nàka. "Dókítà, àlùbọ́sà yẹn níwo."

"Kí lẹ wí?"

"Àlùbọ́sà inú ọkọ̀ yẹn. Ó ti hu ìwo. Tèmi ni."

Akọ̀wé fọwọ́ borí. "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n tú ọkọ̀. Eṣinṣin ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, bí èrò tó ti sanwó. Ìwo wá yọ, ẹ̀jẹ̀ nídìí òmíì, irun lára òmíì. Kò-séwu fúnra rẹ̀ fi ẹ̀wù bo imú. "Mi ò mọ̀ pé báyìí ló rí o. Wọ́n ti dì í kí n tó dé."

Dókítà ní kí wọ́n sun gbogbo ẹ̀, àti àlùbọ́sà tó fara kàn án. Wọ́n fín táyà lóògùn, wọ́n fín bàtà Kò-séwu. Òórùn tó jáde lọ́jọ́ náà, ó ń rí àwọn kan lára, ó sì ń pa àwọn míì lébi.

Kò-séwu fajú ro. "Ọ̀rẹ́ mi, o ta mí."

"Wàrà ta lò ń mu láràárọ̀?"

Kò-séwu ronú títí. "Ti Ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Oníwàrà ò jẹ́ kí wọ́n wọlé. "Ìwo dà?"

"Wọ́n ti sun ún, Ìyá. Àmọ́ mo ti gbàwé àṣẹ."

"Ẹ bọ́ bàtà yín síta. Ẹ lọ wẹ̀." Ó pa dà sídìí màlúù rẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbọ́ tó ń kọrin lábẹ́ ẹnu.

Igi ni Oníbọ́tìnì fi ń ṣe bọ́tìnì fúngbà díẹ̀. Nígbà tí ìwo tuntun dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó mọ́, ó gbẹ, eṣinṣin kan ò bá a wá.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kì í ṣe ìwo nìkan là ń wí. Awọ, irun, ìyẹ́, pátákò, egungun àti oúnjẹ ẹran tí wọ́n fi egungun lọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí àrùn bá wà nílẹ̀, ẹ gbàwé àṣẹ kí ẹrù yín tó gbéra, ẹ kọ ohun tí ẹ kó gan-an, kó yé ẹni tó ń kà á. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni bá yín fi pamọ́ sábẹ́ nǹkan míì. Tí èyí tí ò níwèé bá sì ti wà nílé yín báyìí, ẹ má jù ú sí kòtò, ẹ má gbé e fún ajá. Ẹ dì í pa, ẹ fọwọ́, ẹ pe àwọn dókítà ẹran. Ó yá wọn lára láti wá gbé àpò kan lọ́dọ̀ yín ju kí wọ́n wá gbẹ́ ihò fún gbogbo màlúù aládùúgbò yín.