Ìyálé Onítáyà Mẹ́rin

Inú ń bí mi bí mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn yìí, mi ò sì ní tọrọ gáfárà. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í mutí. Kì í jalè, kì í wo obìnrin olóbìnrin, kò sì sí ọjọ́ Ìsinmi tí kì í jókòó sórí àga kejì níwájú ìjọ. Bí o bá pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀, á wò ọ́ tìyanu-tìyanu, á ní, "Ẹlẹ́ṣẹ̀ bíi ta ni?"

Atẹ̀wé ni. Káàdì ìgbéyàwó àti ìwé pélébé bí irú èyí ló ń tẹ̀. Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì tí wọ́n ti relé ọkọ. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn, orí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ló sì ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti gba òmìnira iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta wà nínú ilé náà. Ọkọ̀ eré sísá ni, ọkọ̀ àtijọ́ pupa kan tí kò ní òrùlé, tí kì í gbà ju ènìyàn méjì lọ. Bàbá Ìbejì rà á ní òkú, ó sì fi ọdún mọ́kànlá jí i dìde. Ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, ó tò ó padà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán awọ àga rẹ̀. Gíláàsì iná iwájú rẹ̀ kan, odidi ọdún méjì ló fi wá a kiri kó tó rí irú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń pe ọkọ̀ náà ní Ìyálé. Bí wọ́n bá pàdé Ìyá Ìbejì lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ìyàwó, ìyálé yín ńkọ́?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọkọ wa ń wẹ̀ fún wọn lọ́wọ́." Ẹ̀rín ni o, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní títún ọkọ̀ ṣe jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ nu irin, kó máa nù ún. Ìwà ọkùnrin yìí ni mò ń bá wí. Bí nọ́ọ̀tì ọkọ̀ bá ti dípẹtà tí kò fẹ́ tú, á ta ọ́ìlì sí i, á sì dúró dọ̀la pẹ̀lú sùúrù. Bí ìyàwó rẹ̀ bá pẹ́ kó tó dáhùn, ilé á gbóná janjan. Bí ohunkóhun bá sì bàjẹ́, ẹlòmíràn ló bà á jẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, Ìyá Ìbejì kò gbọ́ "èmi ni mo ṣe é" lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó fẹ́ lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì Ìyálé. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ẹnì kan á jókòó sínú ọkọ̀, á fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Ẹnì kejì á dùbúlẹ̀ lẹ́bàá táyà, á fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kékeré kan kí ọ́ìlì lè ti afẹ́fẹ́ jáde, á sì tètè dì í padà. Ẹni tó wà lókè kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò kí ẹni tó wà nílẹ̀ tó pàṣẹ. Bó bá gbé e, afẹ́fẹ́ á tún wọlé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

"Tẹ̀ ẹ́!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Má gbé e o. Má tíì gbé e. Ó yá, gbé e."

Báyìí ni wọ́n ṣe táyà mẹ́ta. Oòrùn ti mú, ọkọ̀ náà kò sì ní òrùlé. Níbi táyà kẹrin, pajápajá mú Ìyá Ìbejì lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀ kúrò kí ọkọ rẹ̀ tó pàṣẹ.

Bàbá Ìbejì fò dìde. "Ta ló ní kó o gbé e?"

"Ẹ má bínú, pajápajá ló mú mi."

"Pajápajá! Ẹsẹ̀ tó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ dalẹ́, pajápajá kì í mú un níbẹ̀, àfi bíréèkì tèmi! Kí lo lè ṣe láyé ẹ tí kò ní bàjẹ́?"

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n nà án díẹ̀, ká tún un ṣe."

"Bọ́ sílẹ̀! Jáde nínú ọkọ̀ mi!"

Ó sì sọ sípánà ọwọ́ rẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó tó bí ìbejì fún un. Sípánà náà gba ẹ̀gbẹ́ etí obìnrin náà kọjá, ó lu ògiri, ó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé yàrá ìránṣọ. Ìyá Ìbejì bọ́ sílẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Bàbá Ìbejì dá iṣẹ́ tó kù ṣe. Ó ń tẹ bíréèkì, ó ń sáré wálẹ̀, ó ń bú ẹni tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó parí, ìka ló fi di nọ́ọ̀tì náà, ó fẹ́ fi sípánà fún un le ní ìkẹyìn. Sípánà dà? Ó wà lábẹ́ fèrèsé, níbi tí ìyàwó rẹ̀ á ti rí i bó bá bẹ̀rẹ̀ mú un. Ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀ méje péré ni láti ibi tó dúró sí. Ọkùnrin tó fi ọdún méjì wá gíláàsì kò lè rin ẹsẹ̀ méje. Ó gbìyànjú sípánà mìíràn, kò wọ̀ ọ́. Ó ní ìka náà ti tó.

Kò tó. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ́ìlì ń gbà dé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá jò níbì kan, gbogbo rẹ̀ ló kú.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé Ìyálé jáde láti nasẹ̀. Bíréèkì mú nígbà tó ń lọ. Nígbà tó ń bọ̀, ó dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ ilé wọn, ó fọn fèrè. Ìyá Ìbejì tó ti gbọ́ èébú láàárọ̀ sáré jáde láti ṣí géètì fún un, bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá Ìbejì tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ láìrí ohun tó dá a dúró. Kó tó ronú kan bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ ti kọlu géètì, géètì sì ti há ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyàwó rẹ̀ mọ́ ògiri.

Gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ ṣe nígbà tó bọ́ sílẹ̀. Ó wo iná iwájú ọkọ̀. Ó fọwọ́ kan gíláàsì tó fọ́ náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó yíjú sí ẹni tó wà nílẹ̀, ó sì pariwo, "Ṣé o rí i? Afẹ́fẹ́ tó o jẹ́ kó wọlé nìyẹn! Ìwọ lo fà á!" Àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ. Àwọn ló gbé obìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn nínú ọkọ̀ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún dókítà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ obìnrin, tí ìyá yẹn sì ń mi orí, tó ní, "Àbúrò mi náà kò fara balẹ̀ ni."

Ní ọjọ́ kejì, wẹ́dà tó bá a fi iná jó irin ìdí ọkọ̀ náà pọ̀ nígbà tó ń tún un ṣe wá wò ó, Bàbá Ìbejì sì sọ fún un bí ìyàwó òun ṣe gbẹ́sẹ̀ níbi táyà kẹrin tí afẹ́fẹ́ fi wọlé. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni wọ́n. Onínú fùfù ni wẹ́dà yìí náà tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ kúrò nílé, kí Jésù tó gbà á. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, kò sì pẹ́ tó fi jáde.

"Nọ́ọ̀tì mẹ́ta le koko," ló wí, "àwọn tí ìyàwó ẹ bá ọ ṣe. Ẹ̀kẹrin ń yí lọ́wọ́ mi, ọ́ìlì sì ti ṣàn bo gbogbo ẹ̀yìn táyà. Ta ló dì í?"

Bàbá Ìbejì mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ara ọkọ̀.

"Sípánà ẹ dà?"

Kó tó mọ̀, ojú rẹ̀ ti lọ sí abẹ́ fèrèsé. Wẹ́dà rìn lọ síbẹ̀, ó mú sípánà náà, ó wo àpá tó wà lára ògiri lókè rẹ̀, ó sì wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́, Bàbá Ìbejì."

"Má fi mọ́tò mi wàásù fún mi!"

"Mi ò tíì wàásù. Ọ̀rọ̀ mọ́tò la ṣì ń sọ, ìwàásù ń bọ̀." Ó gbé sípánà náà lé e lọ́wọ́. "O lè tan dókítà. O lè tan ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ. Jésù kú fún ẹ̀ṣẹ̀ ẹ, ẹ̀ṣẹ̀ tìẹ gan-an. Bó o bá ti kó gbogbo ẹ̀ ru ìyàwó ẹ, kí ló kù tó o fẹ́ kó dárí ẹ̀ jì ẹ́? Òfo lo máa gbé lọ bá a, òfo náà lo máa gbé bọ̀."

"Jáde nílé mi!"

"Mo ti ń lọ. Àmọ́ o ti mọ̀ báyìí. Ẹni tó mọ̀ kò lè ní òun kò mọ̀."

Bàbá Ìbejì wẹ ọwọ́, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Ìyá Ìbejì dùbúlẹ̀, wọ́n ti fi irin gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Egungun rẹ̀ ti fọ́ sí méjì, dókítà kò sì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ yẹn á tún lè wa ẹ̀rọ ìránṣọ láé. Bó ṣe rí ọkọ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i.

"Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú. Èmi ni mo gbẹ́sẹ̀. Mo ti ba ọkọ̀ yín jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ọ́ìlì táyà kẹrin ṣì wà lábẹ́ èékánná Bàbá Ìbejì. Ó mọ òtítọ́, wákàtí kan kò tíì pé tó mọ̀ ọ́n. Ó wo ẹni tó fọ́ lẹ́sẹ̀ lójú, ó sì ní, "Ó ti tán. Mo ti dárí jì ọ́."

Ó dárí jì í! Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn! Ó fọ́ obìnrin lẹ́sẹ̀, ó sì dárí jì í! Bí mo bá wà níbẹ̀, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Olè tó jí ẹrù ẹni sàn ju ẹni tó jí ẹ̀bẹ̀ tí kò tọ́ sí i lọ.

Ìyá Ìbejì mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi," ló wí, ó sì pa ojú dé. Oorun tí kò rí sùn láti àná gbé e lọ.

Ẹ ṣeun yẹn ló gún Bàbá Ìbejì lọ́kàn. Wẹ́dà ti wí tirẹ̀, kò wọlé. Ìwàásù ogún ọdún kò wọlé. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ obìnrin náà wọ̀ ọ́ lára, kò sì rí ibi gbé e sí. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn. Ó fẹ́ gbàdúrà tó máa ń gbà níwájú ìjọ, èyí tó gùn tó sì dùn létí, kò rántí gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Ìbínú tó ti ń pín fún gbogbo ará ilé láti ọjọ́ pípẹ́ wá padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó bínú sí ara rẹ̀ gidigidi.

"Olúwa," ló wí, "èmi ni."

Èyí tó kù sì tú jáde. "Èmi ni mo fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Mo jẹ́ kó bẹ̀ mí. Jésù, mi ò ní ẹlẹ́bi mìíràn láti mú wá. Bó o bá ń gba irú mi, gbà mí."

Àwọn ènìyàn ń wò ó, kò bìkítà. Níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀ àkọ́kọ́.

Nígbà tó padà wọlé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti dé, ìyàwó rẹ̀ sì ti jí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, ó sọ gbogbo rẹ̀: nọ́ọ̀tì, sípánà, ẹsẹ̀ méje tó kọ̀ láti rìn, àforíjì tó fún ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, àti bí Ọlọ́run ṣe dárí jì í lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ figbe ta. Ìyá Ìbejì ò pariwo. Ó kọjú sí ògiri.

"Ẹ jáde," ló wí.

Ó jáde. Kò wí àwíjàre. Ó padà wá ní ọjọ́ kejì, obìnrin náà kò dá a lóhùn. Ó ń wá, ó ń tún ibùsùn ṣe, ó ń fọ aṣọ, ó ń lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni obìnrin náà tó la ẹnu.

"Ẹ ní Ọlọ́run ti dárí jì yín?"

"Ó ti dárí jì mí."

"Ó dára. Èmi ṣì ń bọ̀ lọ́nà." Ó nawọ́ sí ife tó wà lẹ́bàá ibùsùn. "Ẹ bá mi bu omi."

Bàbá Ìbejì bu omi fún un, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi gbé e.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, o lè máà ní ọkọ̀ kankan. Ó lè jẹ́ orí àga kejì nínú ìjọ lo wà. Mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan, inú sì ń bí mi síbẹ̀: ta ló ń bẹ̀ ọ́ fún ohun tí ìwọ ṣe? Ìyàwó ni? Ọkọ ni? Ọmọ tó rò pé òun ló burú, tó sì jẹ́ pé ìwọ ni? Ojú ẹni náà ti wá sí ọ lọ́kàn báyìí. Má lé e lọ.

Jésù Kristi gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lọ sórí igi, Ó ta ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kò sì sí èyí tó burú jù fún Un, àfi èyí tó o bá kọ̀ pé kì í ṣe tìrẹ. Má ṣe ká ìwé yìí kó o gbé e fún ẹlòmíràn, kó o ní, "Ọ̀rọ̀ lágbájá nìyí." Ọ̀rọ̀ rẹ ni. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, jẹ́wọ́ fún Un, gbà Á gbọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, kó o lọ bá ẹni tó ń bẹ̀ ọ́ yẹn lónìí, kí ìwọ bẹ̀ ẹ́.