Kọ́ọ̀pù Wáìnì Jámánì ní Malu Road

Ọjọ́ Àìkú ni Ọlálérè kọ́kọ́ rí Uzoamaka. Bẹ́ǹṣì gígùn kan ló rù, ó ń sọdá Malu Road, ọrùn rẹ̀ nà bí òpó iná, kò sì fi ọwọ́ kan ẹrù náà rárá. Gbogbo tírélà ojú títì ló dúró dè é, títí kan èyí tí kò ní bíréèkì láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ó kọjá tán, ó kí àwọn awakọ̀, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lọ. Ọlálérè tó jókòó níbẹ̀ gbàgbé láti pa ẹnu dé. Eṣinṣin wọ ẹnu rẹ̀, wọ́n yẹ ibẹ̀ wò dáadáa, wọ́n sì jáde.

"Àbúrò mi ni," Obiora káfíńtà wí. "Lérè, pa ẹnu dé kí eyín rẹ má gbẹ."

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Obiora, àbúrò rẹ̀ àti Papa Linus, bàbá wọn, ti padà sí Ajégúnlẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọlálérè ń wa kíréènì ní wọ́fù Àpápá. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ó fa kúùkù ọkọ̀ Jámánì kan jáde nínú ọ̀sà, ọkùnrin tó sanra débi pé, bó ṣe jáde, omi ọ̀sà fà títí dé Badagry. Kúùkù náà fi ìgò wáìnì funfun kan dúpẹ́. Lérè gbé e wá kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a tọ́ ọ wò, nítorí ẹni tó bá dá nǹkan òyìnbó mu kò ní ẹlẹ́rìí.

Obiora gbẹ́ ìdérí ìgò náà bí ẹni ń gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kọ́ọ̀pù tánganran kan ṣoṣo ló wà, nítorí náà wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Obiora mu, ó fún ojú pọ̀, ó ní ọsàn wẹ́wẹ́ tó ń bínú ni. Dinah, aránṣọ ìtòsí, ní rárá o, ó dùn níwájú, ó kan lẹ́yìn, bí ìyá ọkọ òun gẹ́lẹ́. Ó ní kí wọ́n da ṣúgà sí i. Obiora ní ata ló yẹ ẹ́. Àríyànjiyàn náà le débi pé àwọn ará Amukoko gbọ́, wọ́n rò pé ìjọ tuntun ló ń ṣí.

Ó kan Uzoamaka. Ó mu díẹ̀, ó tún mu.

"Àgbálùmọ̀ ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Èyí tí kò tíì pọ́n tán, téèyàn ò sì lè jù nù."

Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìyókù fún Ọlálérè. Lérè gbà á, ó mu ún tán.

Obiora dìde, ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Oga Lérè, you don marry be dat."

Ó ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ àwọn, bí ọmọbìnrin bá ń relé ọkọ, níwájú ẹbí ni yóò ti tọ́ ẹmu wò, tí yóò kúnlẹ̀, tí yóò sì gbé e fún ọkùnrin tó yàn. Bí ìyẹn bá ti mu ún, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n àárín ọmọ Yorùbá ni Uzoamaka ti dàgbà, níbi tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fún ní omi lásán. Ojú tì í, ó sá jáde. Kí kọ́ọ̀pù tó gbẹ, ìròyìn ti dé Olódì-Àpápá, ó ti dé Onitsha, ó sì ti bí ìbejì.

Láti ọjọ́ náà ni Ọlálérè ti ń gbé àga tí kò bàjẹ́ wá fún àtúnṣe. Uzoamaka a máa rẹ́rìn-ín sí i láti ẹnu ọ̀nà: "Ọkọ àṣìṣe, ṣé ẹ ti jẹun?" Nígbà tó yá, bí kò bá pè é bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun Lérè. Ọmọbìnrin náà sì ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá síbẹ̀ kí wọ́n lè jọ jẹ ẹ́.

Papa Linus sì ti ní Chukwuma, oníṣòwò aṣọ, lọ́kàn fún ọmọ rẹ̀. Ó pe àwọn àgbà jọ, ó ránṣẹ́ pe Lérè. Kọ́ọ̀pù yẹn, ṣé ó kà àbí kò kà? Àgbà kan ní ẹmu nìkan ni ẹlẹ́rìí. Òmíràn ní wáìnì tó la òkun kọjá lágbára ju ọ̀pẹ lọ, ó ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun kí òun fi dájọ́. Nígbà tó gbọ́ pé ó ti tán, ó bínú. Síbẹ̀, ó jọ pé ó máa kà. Kí Lérè ṣáà dákẹ́, ó ti níyàwó.

Lérè dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ má kà á. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ló kúnlẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ ẹ gan-an, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí àṣìṣe fi í fún mi."

Papa Linus fà á dìde.

"Kò kà," ó wí. "Ọmọ mi wà lómìnira. Chukwuma lè béèrè, ìwọ náà lè béèrè. Ẹni tó bá dá lóhùn, kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá."

Lérè ti dé Malu Road, kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé e lọ, kí Uzoamaka tó bá a. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló wà tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ kọ̀ mí níwájú àwọn àgbà."

"Mo tú ọ sílẹ̀ ni. Mi ò kọ̀ ọ́."

"Ẹ ti tú mi sílẹ̀. Kí ló kù?"

Lérè béèrè bóyá yóò fẹ́ òun. Tírélà kan kọjá. Uzoamaka gbé ọwọ́ sétí. Lérè tún bi í, tírélà mìíràn fọn fèrè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó pariwo débi pé àwọn ọkọ̀ òkun ní Àpápá ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Uzoamaka dáhùn láti ojú fèrèsé.

Uzoamaka rẹ́rìn-ín, ó sì di ọwọ́ Lérè mú.

"Láti ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ti gbọ́, mo sì ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kàn wù mí kí ẹ máa tún un sọ ni."