Ẹ̀rù Tí Yẹlé Gbé Sínú

Òkú ni Ọmọ́yẹlé kọ́kọ́ pè é. Ọkùnrin kan dojú bolẹ̀ lórí àpáta lẹ́yìn Kábbà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí áyọ́ọ̀nù ti pọ́n ìlà apá rẹ̀ bí ọ̀bẹ débi pé ó lè gé iṣu, ó ti ọwọ́ bọ inú pàlàpálá òkúta títí dé ìgúnpá. Ọmọ́yẹlé ti yí ẹ̀yìn padà láti sá kí òkú náà tó sọ̀rọ̀.

"Okun o, àǹtí," ó kí i bí àwọn ará Kábbà ṣe ń kíni. "Ẹ má sá. Aboyún ni mo ń bá ṣeré."

Alángbá ló fà jáde, ó gùn, ó ń dán bíi pé wọ́n fi òróró pa á, ikùn rẹ̀ sì rí rìbìtì. Délé ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Kábbà tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé lórí alángbá, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó fi téèpù wọn ẹranko náà láti èjìká dé ìbàdí.

"Èyí kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí. Àwọn tó ń yé ẹyin tètè ń sọ ẹrù wọn kalẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ọmọ sínú, láti ìran dé ìran, àyà dé ìdí wọn ń gùn sí i, kí ààyè lè gba ọmọ."

"Tí ààyè ò bá gbà á ńkọ́?"

Délé rò pé ìmọ̀ ló ń wá. Kò mọ̀ pé Ọmọ́yẹlé, tíṣà ọmọ Aiyetoro-Gbede, kò rí ojú ìyá rẹ̀ rí: orí ìkúnlẹ̀ ni obìnrin náà kú sí, lọ́jọ́ tó bí i. Àwọn ará ilé kò sì yéé sọ ọ́ pé ìyá àti ọmọ, ìbàdí tín-ín-rín kan náà ni. Ẹ̀rù lẹrù tó ń gbé kiri.

Síbẹ̀, Délé mọ bí wọ́n ṣe ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó ń pè é ní Yẹlé mi. Òun ń pe Délé ní Ọ̀mọ̀wé Alángbá. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, Délé mú un lọ kí ìyá tirẹ̀, pé òun ti rí ìyàwó.

Màmá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ojú wọn kò tíì fẹ̀yìn tì. Wọ́n wo àlejò láti òkè délẹ̀.

"Ojú dáa. Ìwà dáa. Ìbàdí yìí, ṣé ó lè gba ọmọ?"

Bí Délé bá panu mọ́, ọ̀rọ̀ á bùṣe. Àmọ́ ẹnu ọ̀mọ̀wé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbàdí kó dákẹ́.

"Màmá, òótọ́ wà níbẹ̀ o. Nínú àwọn alángbá, ara àti ọmọ bíbí..."

Ó ṣì ń ṣàlàyé nígbà tí Yẹlé dé ẹnu géètì.

Délé tọ̀ ọ́ lọ sí Aiyetoro, ó bá a lábẹ́ máńgòrò iwájú ilé bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa ìyá tó kú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Òmùgọ̀ ni mí," ló wí. "Alángbá ò lẹ́nu tó máa fi sọ pé òun ò ṣe. Ìwọ ní. A lè lọ rí dókítà. A sì lè má bímọ rárá."

"Màmá ẹ ńkọ́?"

"Mo ti sọ fún wọn. Ìyàwó ni mo ń wá, n ò wá ilé ọmọ. Wọn ò tíì dá mi lóhùn."

"Délé, àwọn kan lè yé ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èmi, inú ni mo ń gbé e sí. Máa lọ ná."

Ó lọ. Ẹ̀rù wá di méjì nínú Yẹlé: ẹ̀rù ìkúnlẹ̀, àti ẹ̀rù pé ọkùnrin náà lè má dúró.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kó tó tún gun àpáta náà. Délé ló bá níbẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ́n fún erùpẹ̀.

"Ó ti pé," ni Yẹlé wí.

"Kí ló pé?"

"Ọ̀rọ̀ tí mo gbé sínú. Mo gbà, màá fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o."

"Ó ń ba èmi náà." Ó jókòó. "Màmá ní kí n mú ẹ wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú."

"Ṣé wọ́n á tún wo ìbàdí mi?"

"Wọ́n á wò ó. Èmi ni màá panu mọ́."

Délé ki téèpù bọ àpò, ó sún fún un. Yẹlé dojú bolẹ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì sì jọ ń wo inú pàlàpálá tó ṣókùnkùn náà.